Kí Ẹ Tó Kó Ọmọ Lọ Sétí Odò: Ìtọ́sọ́nà fún Ìrìn Ìgbafẹ́ Ìdílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ìrìn rìn. Láti kékeré lẹ ti ń fẹsẹ̀ lọ oko, ẹ mọ bàtà tó yẹ ẹrẹ̀, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń la igbó kọjá lẹ́yìn òjò. N kò ní fi ìyẹn fa ìwé gùn. Ohun tó mú kí wọ́n ní kí n kọ ọ́ ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Ìdílé kan tẹ́ ẹní sórí iyanrìn láti jẹun. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ fínnífínní. Wọn kò tíì jẹ ìrẹsì wọn dé ìdajì tí omi fi dé etí ẹní. Bàbá gbé àbíkẹ́yìn, ìyá fa àkọ́bí lápá, odò sì gbé kúlà, bàtà mẹ́rin àti fóònù kan lọ. Ọmọ kankan kò bá a lọ, a dúpẹ́. Nígbà tí mo bi bàbá náà pé ṣé kò rí i pé omi ń kún ni, èsì rẹ̀ ni pé: "Òjò ò kúkú rọ̀."

Àṣìṣe náà gan-an nìyẹn. Ọdọọdún ni mo ń rí i, lọ́dọ̀ àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ́dọ̀ onílé àti àlejò. Òkè orí wọn ni wọ́n ń wò, wọ́n á fi dájọ́ odò.

Omi tí ẹ ń wò kì í ṣe omi ibí

Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó kan Òṣogbo, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kì. Òjò tó rọ̀ ní Èkìtì tàbí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lóru ni ẹ ó bá pàdé ní Òṣogbo nígbà tí oòrùn ti ń gbẹ aṣọ yín lórí okùn.

Nítorí náà, kí ẹ tó di oúnjẹ, ẹ pe ènìyàn méjì tó ń gbé ní apá òkè odò. Ẹ má pe ẹnì kan ṣoṣo, nítorí òjò lè rọ̀ ní àdúgbò kan kó fo èkejì. Bí ó bá ti rọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn láàárín wákàtí 24, ẹ sún ìrìn náà síwájú ní ọjọ́ méjì gbáko. Bí ẹ kò bá mọ ẹnì kankan lókè odò, ẹ wá ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ẹ ń san káàdì fóònù fún ọ̀rọ̀ tí kò tó èyí.

Àwọn kan máa ń fọkàn tán oṣù Kẹjọ, wọ́n ní òjò ti dá díẹ̀. Ẹ bi ará Ìbàdàn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Omíyalé tó tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni.

Ọ̀pá

Ẹ gé ọparun tó gùn ní mítà kan. Ẹ fi ọ̀bẹ fín in yíká ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ẹ fi èédú pa ojú ibi tí ẹ fín kó lè hàn. Bí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ fẹ́ sinmi, kí ẹ tó tẹ́ ẹní, kí àgbà kan ri ọ̀pá náà sí etí omi, níbi tí omi kò ju kókósẹ̀ lọ, kó wọ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ ka ibi tí omi mu sí. Ẹ tún un kà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ yan ẹni tí yóò máa kà á, kó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni, nítorí iṣẹ́ gbogbo ayé kì í ní olùṣe.

Bí omi bá gun ojú fífín kan ṣoṣo, ẹ dìde. Ẹ má dúró kó di méjì. Ẹ má jẹun tán. Ẹ má ya fọ́tò.

Ibi tí ẹ ó gbà lọ tún ṣe pàtàkì. Mo rí àwọn tó ń sá padà lójú ọ̀nà etí odò tí wọ́n gbà wá, omi sì ti gun ọ̀nà yẹn níwájú wọn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí odò, kí ẹ gun òkè tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó ni. Kí ẹni kékeré wà níwájú, kí àgbà tó lágbára jù kẹ́yìn.

Nígbà kan, àwọ̀ omi tó fún àwọn bàbá wa láti mọ̀ pé ó ń kún bọ̀. Lórí Ọ̀ṣun, àwọ̀ kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú omi, odò sì pọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn bó ṣe pọ́n nínú òjò. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí omi tí a bu mu ní kékeré ni. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ká má mu ún. Ẹ gbé omi tiyín láti ilé: lítà kan àbọ̀ fún àgbà, ìdajì ìyẹn fún ọmọ.

Ibi tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, igi ńlá ṣíji bò ó, ọmọ ọdún mẹ́rin lè rìn ín. Ẹ má pẹja níbẹ̀, ẹ má já ewé, ẹ má fún ọ̀bọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń kó ọmọ kékeré lọ kọ́ ìrìn etí odò. Èrò pọ̀ jù.

Omi Ọ̀lùmìrìn tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje. Ti ìdílé kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gun ìyókù, kó fi ọmọ sílé. Omi tó ń já bọ́ láti òkè kì í fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo kọ sókè yìí, nítorí náà bí ẹ bá rí ewé tútù àti igi wẹ́wẹ́ tí ń já bọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ máa lọ.

Ní Ìkọ́gòsì, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ló dára fún ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ ojúsun omi gbígbóná. Ibẹ̀ ló gbóná jù.

Adágún ìsàlẹ̀ oko tí omi rẹ̀ kò ṣàn, tí ìgbín kéékèèké lẹ̀ mọ́ koríko rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, wọ́n ní oògùn rẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ń dàgbà ni.

Bí ẹ ó ṣe tò

Àgbà kan sí ọmọ méjì. Bí ẹ kò bá pé, ẹ fi ọmọ kan sílé. Àgbà ní ẹ̀gbẹ́ omi, ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ igbó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé ejò lẹ ń bẹ̀rù tí ẹ fi ń kó ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ omi. Ọ̀pọ̀ ejò gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀, wọ́n á sá. Odò kì í sá. Àwọn àgbà ní odò kì í kún bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n ọmọ yín kì í ṣe ẹja.

Ẹ gbéra ní aago méje àárọ̀, kí ẹ padà kó tó di mọ́kànlá. Bí ọmọ tí kò tó ọdún méje bá wà nínú yín, kílómítà kan àbọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ yí padà, bó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kò tíì rẹ òun. Ibi tí ẹ bá tẹ́ ẹní sí gbọ́dọ̀ jìnnà sétí omi ní ìṣísẹ̀ ogún, kó sì ga jù ú lọ. Iyanrìn funfun tó tẹ́jú tó wù yín yẹn, odò ló tẹ́ ẹ. Yóò padà wá kó o.

Kẹ́ẹ̀gì àti okùn

Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kan dání, kó ṣófo, kí ìdérí rẹ̀ le. Ẹ so okùn mítà 15 mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jábọ́ sínú odò, ẹ má bẹ́ tẹ̀lé e, ì báà jẹ́ ọmọ yín. Ẹ tẹ ìdí okùn mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ ju kẹ́ẹ̀gì kọjá orí rẹ̀ sí apá òkè odò, kí omi fúnra rẹ̀ gbé e wá bá a. Bó bá ti dì í mú, ẹ jókòó sílẹ̀ kí ẹ tó máa fà.

Jíjù yìí kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì náà, ife kan péré, kí atẹ́gùn má baà darí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn, ẹ fi àga kan sí òpin àgbàlá, kí àgbà kọ̀ọ̀kan jù ú títí yóò fi kọjá àga náà lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Ẹni tí kò bá lè jù ú kọjá, kò tíì tó ẹni tí a ń fi ọmọ lé lọ́wọ́ létí odò.