Ogún tí mo sọ ní Budapest ló jẹ́ kí n san owó takisí lẹ́ẹ̀mejì

Takisí méjì ni mo sanwó fún ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé Budapest, bẹ́ẹ̀ ilé kan ṣoṣo ni mo ń lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo múra sílẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ èdè Húngárì kí n tó gbéra nílé. Ká ní n kò kọ́ ọ rárá ni, tí mo kàn ń wò bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, owó mi ì bá wà lápò mi. Díẹ̀ tí mo gbọ́ yẹn gan-an ló kó bá mi.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà, bàálù àti bí mo ṣe gba ilé ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò rí mọ gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ èdè ni mo bá wá.

Èdè Húngárì kò bá ti àwọn tó múlé gbè wọ́n tan. Ará Austria ń sọ èdè Jámánì, ará Slovakia àti Serbia ń sọ èdè tó bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n èdè àárín wọn yìí dá dúró gedegbe. Finland àti Estonia lọ́hùn-ún ni ìbátan rẹ̀ wà, ìbátan ọ̀hún sì jìn. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé tí èèyàn gbọ́ kò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ Yorùbá ní àǹfààní díẹ̀ ṣá o. Bí wọ́n bá kọ s, ṣ tiwa ni wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá kọ sz, s lásán nìyẹn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pe ìparí Budapest bíi «pẹṣt». Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, ő, tí wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, bí «ó» tiwa gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí mo rí ìyẹn, mo rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni èdè méjèèjì.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé mo ṣìnà. Wọ́n ń fi àmì sórí fáwẹ̀lì bíi tiwa, á, é, ó, ni èmi náà bá ń gbé ohùn sókè níbi gbogbo tí mo bá ti rí i. Fífà ni àmì yẹn ń sọ pé kí a fa fáwẹ̀lì náà gùn, kò kan ohùn òkè rárá. Sílébù àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́, yálà àmì wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kọ èdè yẹn bí orin.

Òǹkà ni mo wá gbájú mọ́. Egy, kettő, három, títí dé ọgọ́rùn-ún. Húsz ni ogún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi húsz yìí sọ́kàn.

Nígbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú, mo ti kọ àdírẹ́sì sínú ìwé pélébé kan. Ilé mi wà ní Kossuth Lajos utca (òpópónà ni utca), nọ́ńbà ilé tẹ̀ lé e, nọ́ńbà yàrá mi sì jẹ́ 20. Nínú àdírẹ́sì tí onílé fi ránṣẹ́, nọ́ńbà kan wà níwájú gbogbo rẹ̀, 1053. Mo yọ ìyẹn kúrò. Kóòdù lẹ́tà ni, mi ò sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ wo ìwé náà, ó ní: «Hányadik kerület?»

Inú mi dùn! Mo mọ hány. «Mélòó» ni. Mo ní lọ́kàn ara mi pé nọ́ńbà yàrá ló ń bèèrè. Mo dáhùn kíá, mo tilẹ̀ fa u rẹ̀ gùn bó ṣe yẹ: «Húsz!»

Ó wò mí nínú dígí. «Huszadik?»

Mo gbọ́ húsz nínú ohun tó sọ. «Igen, igen,» bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ̀yìn tì, mo ń gbóríyìn fún ara mi pé ẹ wo bí èmi àti ọmọ onílùú ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọkùnrin yẹn ń bi mí ni pé agbègbè kelòó ni mò ń lọ. Kerület ni wọ́n ń pe agbègbè. Mẹ́tàlélógún ni agbègbè tó wà ní Budapest, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yàrá ni húsz lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n «agbègbè ogún» ló jẹ́ létí tirẹ̀. Àárín gbùngbùn ìlú, ní agbègbè karùn-ún, ni ilé mi wà. Agbègbè ogún ni Pesterzsébet, níhà gúúsù, ibi tí arìnrìn àjò kì í sábà dé.

Ẹ ó ní ṣebí orúkọ àdúgbò wà lórí ìwé, kí ló dé tí awakọ̀ ò mọ̀? Ó mọ̀ o. Kossuth Lajos utca wà ní Pesterzsébet náà! Kossuth yìí ni aṣáájú wọn nínú ìjà òmìnira 1848 sí 1849, kò sí ìlú kan ní Húngárì tí kò fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà. Ní 1873 ni wọ́n pa Buda, Óbuda àti Pest pọ̀ di Budapest. Nígbà tó di 1950, wọ́n tún kó àwọn ìlú àti abúlé tó yí i ká wọ inú rẹ̀, Pesterzsébet sì wà lára wọn. Olúkúlùkù gbé òpópónà Kossuth tirẹ̀ àti ti Petőfi, akéwì wọn, dání wá. Nítorí náà, orúkọ òpópónà nìkan kò tó ní ìlú yìí.

1053 tí mo yọ kúrò ńkọ́? Nọ́ńbà méjì tó wà láàárín rẹ̀, 05, ni agbègbè karùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí ì bá gbà mí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Awakọ̀ já mi sílẹ̀, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Òpópónà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ ni, «zárva» wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ti tì. Mo wá nọ́ńbà ilé, mo rí i! Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe ń tan èèyàn. Mo tẹ kóòdù tí onílé fi ránṣẹ́, kò ṣí. Mo tún un tẹ̀, kò ṣí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fà á, mo fi èjìká tì í. Mo pe onílé, fóònù mi ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì, torí mi ò tíì ra káàdì síìmù ti ibẹ̀. Áàpù ìtumọ̀ èdè tí mo gbójú lé náà ní kí n lọ wá íntánẹ́ẹ̀tì wá. Mi ò gba èdè Húngárì sílẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí mo wà nílé, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà mí.

Bí mo ṣe tẹ agogo àwọn tó ń gbé inú ilé nìyẹn. Ohùn kan jáde: «Tessék?» Mo sọ nǹkan tí mo rò pé èdè Húngárì ni. Ohùn náà dákẹ́, ó sì pa á. Mo tún tẹ òmíràn. Ìyẹn jágbe mọ́ mi. Otútù ń mú mi, ìbínú ń mú mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin tí mo mọ̀ sì ń sá kúrò lórí mi.

Níkẹyìn, ìyá àgbàlagbà kan fẹ́ wọlé. Mo sáré pàdé wọn, mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní: «Szia!»

Ojú tí wọ́n fi wò mí, mi ò lè gbàgbé. Ojúgbà ẹni tàbí ọmọdé ni wọ́n ń kí ní szia. Jó estét kívánok ló yẹ kí n sọ fún àgbà tí n kò mọ̀ rí lálẹ́. Bíi kí ẹnì kan tó kéré sí ọmọ yín já lu yín nínú òkùnkùn kó ní «Báwo lo ṣe wà?» Èmi tí ìyàtọ̀ «ẹ» àti «o» wà lẹ́nu mi láti kékeré! Mo tọrọ gáfárà, bocsánat, mo sì kí wọn dáadáa. Ojú wọn rọ̀ díẹ̀. Mo na ìwé sí wọn.

Wọ́n kà á. Wọ́n sọ̀rọ̀ gígùn kan, «nem» nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò yé mi, wọ́n mú bírò nínú báàgì, wọ́n kọ XX sẹ́yìn ìwé náà, wọ́n fìka tọ́ka sílẹ̀. Wọ́n wá kọ V, wọ́n nawọ́ sọ́nà jíjìn. Ìgbà yẹn ni ojú mi là, ó sì là pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Àwọn ni wọ́n pe takisí kejì fún mi. Bí a ṣe ń dúró, wọ́n kọ́ mi ní ötödik, ìkarùn-ún, wọ́n ní kí n máa tún un pè bí ọmọ iléèwé, wọn ò sì dá mi sílẹ̀ títí mo fi pè é re. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ti kọjá. Inú owó takisí ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni owó ìgbádùn ọjọ́ kejì mi wọlé sí.

Ọjọ́ tó kù rọrùn díẹ̀. Áàpù náà dára fún yíya àwòrán àkọlé àti ìwé oúnjẹ. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lójú títì, ariwo máa ń dà á rú, ó sì ń sọ obìnrin di ọkùnrin nígbà tó bá ń tú ő sí Gẹ̀ẹ́sì. Bírò àti ìwé pélébé ṣe mí lóore jù ú lọ. «Nem értem,» kò yé mi. «Leírná, kérem?» ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀? Ká ní ìwọ̀nyí ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́, tí mo sì kọ́ ìbéèrè tí awakọ̀ máa ń bèèrè, dípò òǹkà títí dé ọgọ́rùn-ún! Mo kọ́ ìdáhùn sílẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n máa bi mí.

Wọ́n tún jẹ owó mi nílé oúnjẹ, àbí kí n ní ẹnu mi ló jẹ owó mi. Mo na owó ńlá sí ẹni tó gbé oúnjẹ wá, mo ní köszönöm, ẹ ṣeun. Inú ẹ̀ dùn, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo jókòó, mo ń retí ṣéńjì. Mo retí títí. Lọ́dọ̀ wọn, bí o bá ń dúpẹ́ nígbà tí o ń na owó, o ń sọ pé kó mú ṣéńjì ni. Ẹ na owó yín ní ìdákẹ́jẹ́. Ìgbà tí ṣéńjì bá ti wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tó dúpẹ́.

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. F wà lára ilẹ̀kùn kan, N wà lára èkejì. Ojú Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi wò ó, mo ní F ti obìnrin nìyẹn, mo gba N wọlé. Férfi ni ọkùnrin, női ni obìnrin. Mo sáré jáde.

Ṣùgbọ́n mo ṣe bẹbẹ ní ọjọ́ kẹta. Mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì láti wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lò láti 1896. Kettő ni wọ́n fi ń ka èjì, ṣùgbọ́n két ni wọ́n ń fi sára nǹkan, bí a ṣe ń ka «ení, èjì» tí a sì ń sọ pé «ìwé méjì». Mo dé pénztár, ibi ìsanwó, mo kí obìnrin tó jókòó síbẹ̀ bó ṣe yẹ, mo ní: «Két jegyet kérek.» Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀! Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ tún un sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń padà, mo fi àdírẹ́sì pápákọ̀ òfurufú han awakọ̀ mìíràn. Ó yíjú sẹ́yìn, ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo gbọ́ nọ́ńbà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti dé etí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo na bírò àti ìwé sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ «2A? 2B?», ìyẹn ni pé apá wo ní pápákọ̀, mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fìka lé 2B.