Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Irú Orí Ọfà Olókùúta Tó Wà Lọ́wọ́ Ìdílé Yín

Kí ẹ tó gbé òkúta náà sábẹ́ iná wò, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó rí i pé ibo ló ti rí i. Bàbá ìyàwó mi ti ń dáko àgbàdo ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Bí òjò bá ti rọ̀ sórí ilẹ̀ tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ a máa yọrí jáde, wọ́n a sì ṣà wọ́n sínú páálí bàtà. Nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì wọ́n, tí mò ń gbé òkúta kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n á fọwọ́ pa á títí, wọ́n á ní, "Èyí, ìsàlẹ̀ oko ni, níbi tí odò ti yí."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà lọ́jà. Wọn kì í yẹ òkúta fúnra rẹ̀ wò mọ iye ọdún rẹ̀ bí wọ́n ti ń yẹ èédú tàbí egungun wò. Ibi tó sùn sí nínú ilẹ̀ àti ohun tó sùn tì í ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi òkúta kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí ìwé pé ta ló rí i, oko wo ni, apá ibo nínú oko, àti ọdún tí ẹ rò pé ó jẹ́. Pẹ́ńsù kì í ṣá bíi bírò. Bí àgbà náà bá ṣì lè rìn, ẹ bá a lọ sí oko, kí ẹ fi fóònù sàmì sí ibẹ̀. Omi lásán ti tó láti fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ má kun ún ní òróró, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú férémù.

Ó wá kan pé, ṣé ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ lóòótọ́? Òkúta tí wọ́n fẹ́ràn jù ni chert, tó ń fọ́ bíi gíláàsì: bí a bá lù ú, èérún rẹ̀ a bọ́, a sì fi àpá tó tẹ̀ wọnú sílẹ̀, tó ní ìlà róbótó róbótó bí omi tí a ju nǹkan sí. Ẹ wá àpá wọ̀nyí ní ojú méjèèjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti etí bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ sí àárín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ sí iwájú ojú yín: etí rẹ̀ á máa yí sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, nítorí ojú kan ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ, wọ́n á tún yí i padà. Katakata àti yìnyín náà ń fọ́ òkúta, ó sì lè rí ṣóńṣó, ṣùgbọ́n àpá tirẹ̀ kì í ní ètò.

Ìdí òkúta náà ni kí ẹ fi àkókò wò jù. Ṣóńṣó rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò, ṣùgbọ́n ṣóńṣó a máa ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ a sì máa kéré sí i bí wọ́n ti ń pọ́n ọn. Ìdí rẹ̀, tí wọ́n kì bọ inú igi ọfà tàbí ti ọ̀kọ̀, kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ó tẹ̀ wọnú ni, àbí ó tẹ́jú? Ṣé wọ́n gé e wọlé ní ẹ̀gbẹ́, ní igun, àbí kò sí ìgé kankan? Ẹ fi èékánná tọ́ etí ìdí náà. Bí ó bá ń dán lẹ́bàá ibi tí ẹnu ṣì ń mú, wọ́n fi òkúta mìíràn lọ̀ ọ́ ni, kí ó má baà gé iṣan ẹran tí wọ́n fi dì í mọ́ igi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìka mi, inú mi dùn kọjá bí mo ṣe lè sọ.

Ẹ wọn gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti ìbú ọrùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí ìdílé ń pè ní orí ọfà kì í ṣe ti ọfà rárá. Ọfà kò wọ́pọ̀ ní agbègbè Missouri títí di nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń fi igi atlatl jù ni wọ́n ń lò, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọ̀bẹ. Ti ọfà gan-an kéré, ó tín-ínrín, gíráàmù díẹ̀ ni, ọrùn rẹ̀ sì lè wọ inú igi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan lára àwọn ti Cahokia, ìlú ńlá tó gbilẹ̀ ní òdìkejì odò Mississippi sí ìlú St. Louis ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, jẹ́ onígun mẹ́ta tó kéré, tí wọ́n gé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní ìdí.

Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní Dalton: ó gùn, kò sì ní ìgé ní ẹ̀gbẹ́. Ìdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, wọ́n sì lọ etí ìdí náà. Ẹnu rẹ̀ a máa ní eyín kéékèèké. Ó lé ní 10,000 ọdún. Wọ́n pọ́n àwọn kan títí tí wọ́n fi di ohun tí wọ́n ń fi lu ihò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń dà nù nítorí pé kò "rẹwà". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní Clovis ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, nǹkan bí 13,000 ọdún. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ipa gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ láti ìdí rẹ̀ lọ sí àárín, ní ojú méjèèjì. Bí ẹ bá rò pé ẹ ní irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ rí i kí ẹ tó sọ fún ará àdúgbò.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Irú chert tí wọ́n ń pè ní Burlington, tó pọ̀ ní Missouri, funfun tàbí ó pọ́n díẹ̀ bí ọ̀rá wàrà. Bí àwọn àtijọ́ bá fi iná yan án kí ó lè ṣeé gbẹ́, ó máa ń di aláwọ̀ osùn, ó sì ń dán. Obsidian, òkúta dúdú tí òkè oníná ń pọ̀ jáde, kò sí nínú ilẹ̀ Missouri. Òwò tàbí ìrìn àjò ló gbé e dé; díẹ̀ láti agbègbè Yellowstone, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, dé ìpínlẹ̀ Ohio ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Nínú páálí ìdílé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun tí ẹnì kan rà.

Nítorí àwọn tó mọ òkúta gbẹ́ ṣì wà lónìí, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà jẹ́ tuntun. Ti àtijọ́ ti ṣá lójú; bí katakata bá gé e lára, ojú ọgbẹ́ tuntun náà á yàtọ̀ sí ìyókù. Èyí tí gbogbo àpá rẹ̀ mú, tó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ bára mu látòkè délẹ̀, ẹ fura sí i.

Orí ilẹ̀ yín, tàbí ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín fún yín láyè, ni kí ẹ ti ṣà. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1979 ń dáàbò bo ohun àtijọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ẹ̀yà Ìbílẹ̀; nínú ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè, ẹ ya fọ́tò kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí egungun ènìyàn bá yọjú, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ọlọ́pàá.

Fún ìdáhùn tó dájú, ẹ ya ojú méjèèjì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá kí àpá lè hàn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì awalẹ̀pìtàn ìpínlẹ̀ yín tàbí ẹgbẹ́ bíi Missouri Archaeological Society. Ẹ má bi wọ́n ní iye owó tó ń pa. Ẹ fi ìwé pẹ́ńsù yẹn kún un, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.