Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Egbò Ẹnu Bàbá Wa Sílẹ̀ fún Dókítà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní egbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tó kọ̀ tí kò san. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, lọ́nà Ìdànrè. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi ní Àkúrẹ́, mo ti pinnu pé dókítà eyín la máa lọ rí, a ò tún ní lọ sí kémíìsì mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ilé ìwòsàn ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: èrò pọ̀, dókítà ò ráyè pẹ́ lórí ẹnì kan, àgbàlagbà tí wọ́n bá sì bi ní ìbéèrè níwájú èrò, “kò sí nǹkan” ni yóò máa sọ. Ni mo bá mú ìwé, mo jókòó tì wọ́n.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wádìí. Wọ́n ní kò tíì pẹ́. Ìyẹn ò lè ran dókítà lọ́wọ́, torí egbò tí eyín gé tàbí tí oúnjẹ gbígbóná fà sábà máa ń san láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 3, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹnu. Mo wá bi wọ́n pé, “Bàbá, ṣé ẹ ti já kòkó nígbà yẹn?”

“A ti já a, a ti ń sá a. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ra kòkó wá, ata inú ọbẹ̀ ò jẹ́ kí n lè jẹun.”

Bí a ṣe mọ̀ pé láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni nìyẹn. A sì ti wọ oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e.

Gbogbo ohun tí wọ́n ti fi sí i ló kàn: kápúsù láti kémíìsì, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní GV, àgbo tí wọ́n rà ní Ọjà Ọba. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi àgbo pamọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi GV kan ẹnu mọ́, torí àwọ̀ rẹ̀ máa ń bo ojú egbò, dókítà ò ní rí ibi tó pupa yàtọ̀ sí ibi tó funfun.

Nígbà tó kan àmì àìsàn, mi ò béèrè pé kí ló ń dùn wọ́n. Jẹjẹrẹ ẹnu kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fọwọ́ lẹ́rán wò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń bi wọ́n: ṣé oúnjẹ ń há yín lọ́fun? Ṣé ahọ́n yín ń yí bó ṣe yẹ? Ṣé ibì kan wà létè tàbí lágbọ̀n tí ẹ fọwọ́ kàn tí ẹ ò mọ̀? Ṣé eyín kan ń mì láìnídìí? Ṣé etí ń ro yín? Ti etí ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní etí òsì ti ń ro wọ́n, wọ́n sì rò pé atẹ́gùn orí ọ̀kadà ló fà á. Apá òsì ahọ́n gan-an ni egbò wà. Ọ̀nà kan náà ni ìrora ahọ́n àti ti etí ń gbà dé ọpọlọ, nítorí náà àìsàn ahọ́n lè máa ro èèyàn létí.

Mo fọ ọwọ́, mo ní kí wọ́n yọ eyín àtọwọ́dá, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo fi aṣọ mímọ́ di orí ahọ́n mú, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, abẹ́ rẹ̀, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, èrìgì àti àjà ẹnu. Etí egbò náà le, ibì kan tó pupa sì wà níwájú rẹ̀. Àbàwọ́n funfun tí kò ṣeé nù kúrò yẹ ní fífura sí, ṣùgbọ́n èyí tó pupa léwu jù ú lọ. Mo fọwọ́ tẹ ọrùn wọn jẹ́jẹ́, n ò rí kókó kankan, mo kọ ìyẹn náà.

Orí ọ̀rọ̀ tábà ni mo ti pẹ́ jù. “Ṣé ẹ ń fa sìgá?” ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Bàbá wa ò fa sìgá rí, tí wọ́n bá sì ní rárá, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n aṣáà ò kúrò lápò wọn láti ìgbà ọ̀dọ́: tábà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ kaun, tí wọ́n ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Kò rú èéfín, àmọ́ tábà ni, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Mi ò lè bi wọ́n níwájú àwọn ọmọ. Nírọ̀lẹ́, nígbà tó ku àwa méjì, mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, mi ò bá yín wí o. Dókítà ló máa fẹ́ mọ̀. Apá ibo lẹ máa ń fi aṣáà sí?”

Wọ́n wò mí títí. “Apá òsì.”

Mo kọ ọ́: apá òsì, ó lé ní 40 ọdún, àìmọye ìgbà lójúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ti ẹnu ara wọn mẹ́nu ba ẹmu lóko àti ògógóró nígbà òtútù. Tábà nìkan léwu, ọtí nìkan léwu. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì, ewu tirẹ̀ ń di ìlọ́po ni. Tó bá jẹ́ sìgá ni èèyàn yín ń fà, ẹ kọ iye igi tó ń fà lójúmọ́ àti iye ọdún tó ti ń fà á.

Mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti áspírínì sínú ọ̀rá kan, torí áspírínì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá bí wọ́n bá gé èèyàn.

Dókítà ka ìwé náà tán kó tó ní kí bàbá ya ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n lápá òsì ló kọ́kọ́ wò. Ó fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ibẹ̀ dunni, ó gé díẹ̀ lára egbò náà fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní biopsy. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Èsì dé: jẹjẹrẹ ni, irú tó ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ tó bo inú ẹnu, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Kò tíì dé ọrùn. Wọ́n fún wa níwèé lọ sí Ilé-Ifẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n ti ṣe é. Bàbá ń jẹ ẹ̀kọ àti ilá, ọ̀rọ̀ wọn wúwo díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń yé wa, wọ́n sì ti jáwọ́ nínú aṣáà. Bí àìsàn yìí bá máa padà, ọdún 2 àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, nítorí náà a kì í pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ. Mo sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lóko tí wọ́n jọ ń fi aṣáà há ẹnu pé kí wọ́n wá kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu wọn. Méjì ti wá.