Oúnjẹ Inú Ọ̀rá àti Ìfun Wa: Ìtọ́sọ́nà fún Agboolé ní Èkó

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdù tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ti ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́. Orí afárá Third Mainland, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, lebi ti máa ń mú un, gálà àti mínírà tútù ló sì sún mọ́ ọn jù. Ìwé yìí kò bá a jà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í pa èèyàn. Kó di ojoojúmọ́ ló ń ba ìfun jẹ́.

Èwo là ń pè ní oúnjẹ inú ọ̀rá?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn. Ẹ̀rọ ń rin gàrí, ẹ̀rọ ń lọ ògì, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ìyẹ̀fun, òróró àti ṣúgà pò pọ̀, tí wọ́n wá fi adùn àtọwọ́dá, àwọ̀ àti èròjà tí kò sí ní ìdáná ẹnikẹ́ni kún un, là ń bá wí: núdùsì, bísíkítì, mínírà, sọ́séèjì. Carlos Monteiro, onímọ̀ oúnjẹ ní Brazil, ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 2009.

Bẹ́ ẹ bá lọ ra ọjà ní Òkè-Arin, ẹ yí ẹ̀yìn páálí wò. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ṣúgà bá wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ dá a padà. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀ ni. Kò sọ pé kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ láràárọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níkùn

Ìfun ńlá kún fún kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe wá lóore. Fáíbà ni oúnjẹ wọn, ìyẹn èèpo ẹ̀wà, ewé ẹ̀fọ́ àti ohun mìíràn tí ikùn wa fúnra rẹ̀ kò lè dà. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi pèsè butyrate, tí awọ ìfun ńlá ń lò láti fi gba agbára. Oúnjẹ inú ọ̀rá kì í sábà ní fáíbà tó tó nǹkan, kò sì sóhun púpọ̀ tó ń kù délẹ̀ ìfun. Lára eku, ìwádìí fi hàn pé bébi bá pa kòkòrò wọ̀nyí, ikun (ohun yíyọ̀ bíi ti imú) tó bo ògiri ìfun ni wọ́n ń jẹ.

Èròjà tó ń so omi pọ̀ mọ́ òróró náà kò mọ́wọ́ dúró. Ní 2022, àwọn olùwádìí fún àwọn tára wọn le ní carboxymethylcellulose, ọ̀kan lára irú èròjà bẹ́ẹ̀ (E466 lára páálí). Oríṣi kòkòrò rere dín kù níkùn wọn. Ní Amẹ́ríkà, ní 2019, 20 èèyàn tó jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ tẹ́rùn jẹ bíi kálórì 500 ju ti ìgbà tí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi lọ lójúmọ́.

Àwọn àgbà a máa ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n sún mọ́ òtítọ́ o: ìgbẹ́ líle tí a ń fi agbára tì, nítorí àìjẹ fáíbà, ló sábà ń dá a sílẹ̀. Ọtí paraga kò ní rọ ìgbẹ́ náà.

Kí la lè fi rọ́pò?

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí àgbàlagbà jẹ fáíbà gíráàmù 25 ó kéré tán lójúmọ́. Àwo ẹ̀wà àgànyìn kan, tí wọ́n sè tèèpo-tèèpo, lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí inú má baà wú u, kó sì máa mumi.

Ẹ̀kọ tútù náà wúlò. Ìtáàṣì tó tutù lẹ́yìn tó ti jiná ń le, apá kan rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ kòkòrò rere láì dà. Kẹ́ ẹ má gbàgbọ́ pé ògì gbígbóná ń fi kòkòrò ààyè sínú yín ṣá. Iná ti pa púpọ̀ nínú wọn. Ìrú nínú ọbẹ̀ sì lè jẹ́ kẹ́ ẹ dín máàgì kù.

Ẹ̀yin tó ní àlàfo lẹ́yìn ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ bákẹ́ẹ̀tì tó ti là, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Á ṣeé já ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Omi gọ́tà kọ́ ni kẹ́ ẹ fi bomi rin ín.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ lọ rí dókítà ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí.