Ẹ̀rín kọ́ ló ń ba rẹ́súlìn jẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Mushin, lórí pápá tí àwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń gbé ríìngì rẹ́súlìn kalẹ̀. Ọmọkùnrin kan fa ṣòkòtò ẹni tí wọ́n jọ ń jà wálẹ̀ dé orúnkún. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ò gbẹ́yìn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fa ṣòkòtò ẹ̀ wálẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín! Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi gbé e sókè, tí wọ́n là á mọ́lẹ̀ gbàà, tó wá di ìbàdí mú, tó ń ké. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, “Màmá, ẹ ò rí i ni?” Wọ́n ní, “Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ n ka owó mi jàre. Ṣebí eré ni wọ́n ń ṣe.”

Àwọn àgbà tó máa ń bá wa wòran níbẹ̀ ò ní ju ìdáhùn kan lọ: àwàdà ló ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ méjì, wọ́n á ti dárúkọ Power Mike àti Power Uti, àwọn oníjà Nàìjíríà àtijọ́, fún yín, bí ẹni pé kí èèyàn máa pe ara ẹ̀ ní Power kì í ṣe fáàrí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ọmọ yẹn dùn. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wo Mick Foley, oníjà rẹ́súlìn ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1998, ní ìlú Pittsburgh, Undertaker, tí wọ́n jọ ń jà, tì í látorí àgọ́ onírin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Orí tábìlì àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìjà náà ló já lé, tábìlì sì fọ́ yángá. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ, ó kọ̀, ó tún gun òkè padà, òrùlé àgọ́ náà já lábẹ́ ẹ̀, ó tún bọ́ sínú ríìngì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkùnrin yìí kan náà ti ya ojú àti ẹnu sára ìbọ̀sẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ó ń pè é ní Mr. Socko, ó sì ń kì í bọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìbọ̀sẹ̀ o! Síbẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999, òun ló gba bẹ́líìtì aṣíwájú lọ́wọ́ oníjà tó ń jẹ́ The Rock, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde fún un. Ẹ lọ wo ojú àwọn tí Foley ń ki ìbọ̀sẹ̀ náà bọ̀ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ojú wọn ń yí, ọwọ́ wọn ń já afẹ́fẹ́ mú, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Àwa tá a jókòó nílé la ni ẹ̀rín.

Nítorí náà, tí wọ́n bá fa ṣòkòtò yín wálẹ̀, ẹ tètè dì í mú. Ẹ jẹ́ kí ojú tì yín. Níbi tẹ́ ẹ ti ń fi ọwọ́ méjèèjì wá bí ẹ ṣe máa so okùn ṣòkòtò, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹnìkejì ti fọ́ yín létí. Ẹ̀fẹ̀ ti wọ inú ìjà nìyẹn. Èyí tí ìjà lè ṣe láìsí i, ẹ yọ ọ́.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu tí ọmọ Èkó bá ní èyí ò yé òun. Ẹni tó wà lábẹ́ agbádá funfun Ẹ̀yọ̀ lè jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé kan náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ mọ bó ṣe ń rìn, ẹ mọ bó ṣe ń wúkọ́. Á dápàárá, á tọrọ owó, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì ní dárúkọ ẹ̀. Àmọ́ ẹ di irun ní ṣùkú, tàbí kẹ́ ẹ wọ bàtà kọjá níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀pámbàtà ò ní bà yín.

Àwọn kan tún wà tó máa ń sáré ṣàlàyé fún òǹwòran láàárín ìjà pé àwọn ti jọ sọ bí ìjà ṣe máa lọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á máa ṣẹ́jú sí èrò. Ta ló bi yín? Ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ Vince McMahon, tó ń gbé rẹ́súlìn jáde ní Amẹ́ríkà, ti jẹ́wọ́ fún àwọn aṣòfin New Jersey pé fàájì ni, kí ìjọba má bàa máa ṣàkóso wọn bí eré ìdíje. Èrò ò tìtorí ẹ̀ jókòó sílé.

Ẹ̀rín tẹ́ ẹ ò pè ló burú. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ náà sọ oníjà kan, Apollo Crews, di ọmọ ọba Nàìjíríà lójijì. California ni wọ́n bí i sí, Sesugh Uhaa ni orúkọ ẹ̀, Tiv sì ni àwọn òbí ẹ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà láti ọdún mélòó kan, àfi bó ṣe wá gbé ọ̀kọ̀ dání, tó ń fi ohùn kan sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́. Ní WrestleMania 37, eré ńlá tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó na oníjà tó ń jẹ́ Big E nínú ohun tí wọ́n pè ní ìjà ìlù Nàìjíríà. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wá ló ń pa wá lẹ́rìn-ín ní Mushin. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìyẹn, ní WrestleMania kan náà, wọ́n kó Omos jáde, Tolulope Omogbehin tí wọ́n bí ní Èkó níbí, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Kò gbé ọ̀kọ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dìde dúró ni.

Èyí tó kù yìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1999, ní Kansas City, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ oníjà kan, Owen Hart, kalẹ̀ láti òkè àjà gbọ̀ngàn. Aṣọ Blue Blazer ló wọ̀, akọni aláṣejù kan tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ètò wọn ni pé tó bá ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, kó ṣe bí ẹni tí okùn há, kó wá tú ara ẹ̀, kó dojú bolẹ̀ gbì. Torí àtidojúbolẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe lo ìkọ́ tó máa ń tètè tú. Ìkọ́ náà tú lókè lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ bàtà 78 ló já, ó sì kú. Ẹni ọdún 34 ni.

Bẹ́ẹ̀, abẹ́ kánfáàsì ríìngì kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì: fóòmù pẹlẹbẹ ni, lórí pákó, lórí irin. Kódà ìṣubú lásán, ẹni tí ò bá lẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ìpàkọ́ ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ró ìró ìyá ẹ̀, ó wé gèlè, ó ní òun fẹ́ bẹ́ látorí danfo kan tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á kú sẹ́rìn-ín!”

“Ta ló máa gbà ẹ́ mú nísàlẹ̀?”

Ó nawọ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jókòó ti abọ́ gààrí. Ìyẹn gbé ṣíbí dúró. “Èmi kẹ̀?”

Mo ní kó wọ gèlè náà wá sínú ríìngì, tó bá ń sá fún ẹni tó ń lé e, kí ìró gbé e ṣubú. Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Kó tó dìde, wọ́n ti di gèlè náà mú látẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà danfo sì ti ń pe Oyingbo.