Bí a ṣe ń pẹja lórí dáàmù lásìkò àkọ́rọ̀ òjò

Láti ìparí oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, èèyàn máa ń pọ̀ létí dáàmù Ọbà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi sẹ́yìn, ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ ríbi sá sí, òjò àkọ́kọ́ sì ń gbé oúnjẹ wọlé fún wọn. Àsìkò ẹja ni. Àsìkò yìí kan náà ni mo ti rí ọkọ̀ tó dojú dé jù.

Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù, kí ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n gbà kéèyàn dé. Omi tí ìlú ń mu ni. Ẹ jìnnà sí ògiri dáàmù àti ibi tí omi ti ń dà kọjá.

Ọkọ̀ pákó tó ti wà lórí ilẹ̀ látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ti gbẹ, ojú pákó rẹ̀ á ti là. Ẹ fi òwú àti ọ̀dà dí i, kí ẹ wá rì í sétí omi fún ọjọ́ méjì kí pákó lè mu omi kó wú. Àjẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe ẹyọ kan. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tí mo gé ìdí rẹ̀ ni mo fi ń gbọ́n omi. Ó ní ibi ìdìmú, ó sì ń dé kọ̀rọ̀ tí korobá ò lè dé. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Bówó ò bá tíì tó, kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tó ṣófo, tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, máa ń gbé nǹkan bíi kílò 10 dúró lójú omi. Ẹ so ọ̀kan mọ́ ọkọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ ṣì máa tọ́jú owó jákẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí omi òjò pupa ti ń wọlé pàdé omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ ju ìwọ̀ sí. Ekòló ni ti epìyà. Ti àrọ̀, mo máa ń gé ọṣẹ ìfọṣọ wẹ́wẹ́ sẹ́nu ìwọ̀. Ó wọ́n díẹ̀ ju ekòló lọ, àmọ́ kì í tètè já. Bẹ́ ẹ bá fa ẹja kan jáde tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tó lámì dúdú lára, tí ètè rẹ̀ nípọn, ọ̀jìjí tó máa ń gbé èèyàn bí iná mànàmáná ni. Ẹ gé okùn.

Ojú ọ̀run ló kù, òun náà ni wọn kì í kà sí. Òjò àkọ́rọ̀ ilẹ̀ wa sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá, ìjì rẹ̀ ló sì máa ń ṣíwájú. Ooru á kóra jọ láti àárọ̀, ìkùukùu á ga, afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀ á já wálẹ̀, á sì sáré síwájú òjò. Ẹni tó bá ń wòkè pé òjò ò tíì kán, ìjì ti dé bá a.

Ẹ máa wo nǹkan wọ̀nyí. Ooru mú gan-an, ewé kankan ò mì. Ìkùukùu dúdú bí ìdí ìkòkò gbé sókè níhà ìlà oòrùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gún régé. Atẹ́gùn tútù kan yọ́ kàn yín lọ́rùn, ó ń rùn bí erùpẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, omi òdìkejì á ṣú, á máa hunjọ bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí èyí, kò sáàyè láti dá adágún kọjá mọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń wọ omi, aago méjìlá ọ̀sán ò gbọdọ̀ bá wa níbẹ̀. Bí àrá bá sán lẹ́ẹ̀kan, etí omi yá.

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó àwọ̀n tán. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, ó ku díẹ̀." Àwọ̀n ti dé ìdajì nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé wa lu kùkùté, omi sì wọlé. Kẹ́ẹ̀gì méjì la dì mú tí wọ́n fi wá gbé wa. Títí dòní, àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀ àwọ̀n yẹn.

Kùkùté tí à ń rí kedere nínú oṣù kẹta ni omi máa ń bò bí òjò bá ti ń rọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń so ọ̀pá gígùn tó ní ọ̀rá funfun lórí mọ́ wọn. Owó kékeré ni.

Bí ìjì bá ká yín mọ́, ẹ má kọrí sílé, etí omi tó súnmọ́ jù ni kẹ́ ẹ forí lé. Ẹ fi iwájú ọkọ̀ kọjú sí ìgbì, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ má dìde. Bó bá dojú dé, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Ọkọ̀ pákó sábà máa ń léfòó bó tiẹ̀ dojú dé. Ẹ má gbìyànjú láti wẹ̀ dé etí omi.

Ẹ fi àpò tí ẹ rẹ sómi bo ẹja tẹ́ ẹ rí mú, kí oòrùn má bà á jẹ́ kẹ́ ẹ tó dé Ọjà Jagun. Àrọ̀ tí ikùn rẹ̀ wú, tó sì rọ̀, ẹyin ló wà níbẹ̀; àsìkò tí wọ́n ń yé nìyí. Ẹ rọra fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà sínú koríko etí omi.