Bí mo ṣe wọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá

Ohun tí ọ̀gá mi ní ká wá kò ju gbólóhùn kan lọ: báwo ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn ṣe máa ń fẹ̀ tó lára ẹni tí kò ní àrùn ọkàn? Àtẹ tí a bá nílẹ̀ ni ti Dodge àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992. Nínú ẹ̀, left main, ìyẹn orírun iṣan apá òsì, fẹ̀ tó mìlímítà 4.5. LAD, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń gba iwájú ọkàn sọ̀kalẹ̀, jẹ́ 3.7 níbẹ̀rẹ̀, kó tó dé ìsàlẹ̀ ó ti kù sí 1.9.

Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí ẹni tí ara ẹ̀ le? Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe kì í lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara kó máa gba ìtànṣán lásán. Àwòrán àtijọ́ ni mo yà sọ́tọ̀: àwọn tí àyà ń dùn, tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tí iṣan wọn mọ́ tónítóní, tí kò sí kálísíọ̀mù kankan, èyí tó máa ń dì sára iṣan tó ti ní àrùn, níbẹ̀. Mo yọ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò, torí bí ògiri ọkàn bá nípọn, iṣan náà a máa fẹ̀ sí i. Mo tún yọ gbogbo ẹni tí wọn ò fún ní nitroglycerin sábẹ́ ahọ́n kí wọ́n tó ya àwòrán, nítorí oògùn yẹn máa ń mú kí iṣan là.

Orí kọ̀ǹpútà ni wàhálà wà. Ẹ gbọ́dọ̀ yí àwòrán náà títí ẹ ó fi gé iṣan náà ní ìbú gan-an. Bẹ́ẹ bá dá a gé bí ẹni ń gé dodo, á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì rò pé iṣan ńlá lẹ rí. Ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà ń tanni jẹ: bẹ́ẹ bá yí i padà, etí iṣan á sún. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo ìmọ́lẹ̀ kan náà fún gbogbo wọn. Ohun tí CT lè fojú rí kò kéré ju bí ìdajì mìlímítà lọ, nítorí náà n kò fọkàn tán nọ́ńbà kankan tó bá ti wálẹ̀ ju 2 lọ. Ẹnìkejì mi náà wọ̀n wọ́n láì rí tèmi.

Apá ọ̀tún ló tún wá le jù. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣan ọ̀tún ló ń bọ́ ẹ̀yìn ọkàn, lára àwọn mìíràn ti òsì ló ń ṣe é. Nínú àtẹ Dodge, iṣan ọ̀tún jẹ́ 3.9 lára àwọn ti àkọ́kọ́, 2.8 péré lára àwọn ti ìkejì. Bẹ́ẹ bá pò wọ́n pọ̀, nọ́ńbà àárín tẹ́ ẹ máa rí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ti obìnrin náà kéré sí ti ọkùnrin ní bí ìdá 9 nínú 100, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ro bí ara ṣe tóbi tó mọ́ ọn.

Bí mo ṣe kó àtẹ náà fún ọ̀gá mi nìyẹn, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Wọ́n ní nọ́ńbà kan ṣoṣo làwọn tó ń fi stent, ìyẹn ọ̀pá wáyà kékeré tó ń mú kí iṣan là, sí iṣan ń bèèrè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, obìnrin ni àbí ọkùnrin?"